Ta ló yẹ kó darí ìtàn ta? Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ajíwòran
Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Gbogbo ẹni tó ti fẹsẹ̀ tẹ lókéṣàn rí ni mò ń bá wí, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà, ìbáà jẹ́ iwájú rẹ̀, ìbáà jẹ́ wáyà lẹ kàn ń gbé kiri. Ṣé ẹ ti bá olùdarí tí kì í ṣe ọmọ onítàn ṣiṣẹ́ rí? Òyìnbó tó ń darí ìtàn aláwọ̀ dúdú, dúdú tó ń darí ìtàn òyìnbó, tàbí dúdú tó ń darí ìtàn dúdú mìíràn tí kò mọ ìdí rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀? Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fa ọ̀rọ̀ yìí lánàá títí ilẹ̀ fi ṣú, a ò yanjú ẹ̀. Ìrírí ni mo fẹ́ o, kì í ṣe ìwàásù.

Dúdúyẹmí
Ìwàásù ń bọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ìyá Olóhùn
Tèmi nìyí. Wọ́n gbà mí pé kí n kọ́ òṣèrébìnrin kan ní Yorùbá fún fíìmù kan tó dá lórí òwò ẹrú. Gbólóhùn mẹ́rin péré ló ní í sọ. Olùdarí náà dúdú bíi tèmi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti bí òun àti baba ńlá rẹ̀. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i, mo ní ẹni tiwa rèé. Ọmọbìnrin yìí máa sáré jáde látinú èéfín, á sì figbe ta pé, "Ọkọ mi dà? Ọkọ mi dà?" Odindi ọjọ́ méjì la fi kọ́ ọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n yà á, ó pè é dáadáa, àmọ́ èéfín bo kámẹ́rà. Ìgbà kejì, ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́, ó kígbe, "Ọkọ̀ mi dà?" Igba ọdún sẹ́yìn ni ìtàn ọ̀hún ṣẹlẹ̀ o! Obìnrin ń wá mọ́tò láàárín ogun.

Mo nawọ́. Olùdarí ní kí n má dá ara mi láàmú, pé ta ló máa mọ̀. Mo ní gbogbo ìran mi ló máa mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojú òṣèré làwọn èèyàn ń wò, wọn ò wo gírámà. Ṣé ẹ mọ ẹni tó gbà mí sílẹ̀? Òyìnbó tó ń gba ohùn sílẹ̀ ni. Kò gbọ́ Yorùbá kankan. Ó yọ nǹkan etí rẹ̀, ó ní: "Lẹ́ẹ̀kan yẹn, ohùn rẹ̀ tẹ́jú títí kó tó já sí kòtò lópin. Báyìí, ó kọsẹ̀ lójú ọ̀nà." Ohun tó sọ gan-an nìyẹn. Wọ́n tún un yà.

Kánmi
"Ọkọ̀ mi dà?" Ẹ̀rín pa mí níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi ti yọjú wò mí lẹ́ẹ̀mejì.

Aláròyé
Ẹ má bínú o, Ìyá Olóhùn, ọkọ̀ kúkú wà láyé ìgbà yẹn. Ọkọ̀ ojú omi. Bóyá odò ló fẹ́ gbà sá lọ.

Ìyá Olóhùn
Aláròyé, kò sí odò nínú ìwé eré náà. Inú igbó ni.

Ajíwòran
Ìyẹn ni pé ẹni tí àwọ̀ yín jọ kò gbọ́ ohun tí òyìnbó gbọ́.

Ìyá Olóhùn
Ẹ má tíì sáré. Olùdarí kan náà yìí ló dá iṣẹ́ dúró fún wákàtí kan gbáko lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n so ẹ̀wọ̀n mọ́ lọ́rùn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwa yòókù rò pé eré ló ń ṣe, a tiẹ̀ ń yìn ín. Òun nìkan ló rí i. Ó ní kí wọ́n tú ọmọkùnrin náà, ó jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò bá a sọ nǹkan kan. Mi ò mọ̀ bóyá àwọ̀ ló fi rí i ni àbí ojú lásán. Nítorí náà, ẹ má fi ìtàn mi ṣe ẹlẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni.

Aláròyé
Àwọn kan ò tiẹ̀ ní gbà ká dán an wò. August Wilson, aláwọ̀ dúdú tó ń kọ eré orí ìtàgé ní Amẹ́ríkà, yarí ní 1990 pé wọn ò ní fi eré rẹ̀ Fences ṣe fíìmù àyàfi tí olùdarí bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ó ṣàlàyé pé òun ò fi ti àwọ̀ ṣe, pé àṣà lòun ń wò. Ó dáa. Ọkùnrin náà kú ní 2005, fíìmù ò jáde. 2016 ni Denzel Washington tó darí ẹ̀. Ẹ ka ọdún yẹn. Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

Bàbá Lókéṣàn
Ó tó bẹ́ẹ̀. Àbúrò, ẹni tó bí ọmọ ló mọ ẹni tó lè gbé e pọ̀n. Spike Lee, olùdarí aláwọ̀ dúdú, náà pariwo títí Norman Jewison, olùdarí òyìnbó, fi yẹra fún un lórí fíìmù Malcolm X tó jáde ní 1992. Jewison yìí kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì o, òun ló darí In the Heat of the Night ní 1967. Síbẹ̀ ó yẹra. Ó mọ ìgbà tí eré kì í ṣe tòun.

Kánmi
Ṣùgbọ́n Bàbá, Spielberg tó jẹ́ òyìnbó darí The Color Purple, ìtàn àwọn obìnrin dúdú, ní 1985, ìyá mi sì sunkún títí omi fi gbẹ lójú wọn.

Bàbá Lókéṣàn
Àwa náà sunkún, ọmọ mi. Ẹkún kì í ṣe ẹ̀rí. Àlùbọ́sà náà ń pa èèyàn lẹ́kún.

Dúdúyẹmí
Ìwàásù ti dé. Ṣé mo sọ ọ́ tàbí mi ò sọ ọ́?

Agéfíìmù
Ọ̀rọ̀ ẹkún yìí ló fà mí wọlé. Iṣẹ́ édítọ̀ ni mò ń ṣe. Mo gé fíìmù kan nígbà kan, kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ọmọkùnrin kan wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, pé òun lè má padà mọ́. Ìyá náà ò dáhùn. Aṣọ ló ń ká. Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó tú u, ó tún un ká, ó fọwọ́ tẹ́ kọ́là rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 22 ni, kò sẹ́ni tó la ẹnu. Àwọn tó ń náwó sí i ní kí ìyá náà sọ fún ọmọ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, kó lè yé gbogbo ayé. Mo bi wọ́n pé gbogbo ayé wo? Wọ́n ń wojú ara wọn. Olùdarí wa ní nínú ẹbí òun, láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, kò sí ìyá tó la ẹnu sọ bẹ́ẹ̀ rí. A fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Wọ́n wá gbé e lọ fi hàn níbi kan tí kò sí dúdú kankan àfi àwa méjì. Nígbà tí iná tàn, mo wẹ̀yìn, mo rí ìyá arúgbó òyìnbó kan tó ń nu ojú.

Kánmi
Ẹ dúró, ẹ dúró. Ìyá arúgbó òyìnbó tó ń sunkún!

Àbẹ̀ní
Òun náà wá síbi tèmi! Mo rò pé wọ́n gbà á síṣẹ́ ni. Kò sí olùdarí aláwọ̀ dúdú kan tó máa sọ ìtàn àṣeyọrí rẹ̀ kí ìyá yẹn má yọjú níparí.

Dúdúyẹmí
Ó ń gba owó ọkọ̀. Ọkọ̀ o, kì í ṣe ọkọ.

Agéfíìmù
Ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi, jọ̀ọ́. Ó ń sunkún lóòótọ́. Ó ní bí ìyá òun ṣe ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun wọṣẹ́ ológun. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó jókòó tì í, tí apá wọn kanra, nawọ́, ó ní, "Kí ni ọmọ yẹn ṣe tí ìyá rẹ̀ fi ń bínú sí i báyẹn?" Síìnì kan náà. Kí n wá pe èwo ní gbogbo ayé nínú àwọn méjèèjì?

Ọmọ Òjò
Àwọn méjèèjì rí òótọ́. Ìyá tèmi, ìfẹ́ àti ìbínú, ìkòkò kan náà ló fi ń sè é.

Bàbá Lókéṣàn
Agéfíìmù, o káre. Ìṣẹ́jú àáyá 22 yẹn, ẹni tó ń náwó ò lè mọ bó ṣe wúwo tó.

Ọmọ Òjò
Kí n sọ tèmi náà, ó lè gùn díẹ̀, ẹ fara dà á. Mi ò ṣe fíìmù o, èmi ni mo máa ń wà nínú yàrá ẹ̀rọ níbi tí wọ́n ti ń fi fíìmù hàn. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé Throne of Blood wá, èyí tí Kurosawa ṣe ní 1957. Èdè Japan ni wọ́n ń sọ látòkèdélẹ̀. Ìtumọ̀ tó yẹ kó máa jáde nísàlẹ̀ kọ̀, kò jáde. Mo tẹ èyí, mo tẹ tọ̀hún, mo pe ọ̀gá mi, fóònù rẹ̀ ò lọ. Mo ń retí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ariwo. Kò sẹ́ni tó dìde, àfi ọkùnrin kan tó lọ tọ̀, tó sì padà. Èmi náà jókòó. Mo rí ìyàwó tó ń ti ọkọ rẹ̀ sí wàhálà láìgbé ohùn sókè, tó kàn jókòó bí ère, aṣọ rẹ̀ ń dún wọ́ọ́wọ́ọ́ nílẹ̀ tó bá dìde. Lọ́kàn mi mo ní ọ̀rọ̀ àbúrò bàbá mi kan rèé, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tó parí ni ẹnì kan ń sọ fún mi pé eré Macbeth ti Shakespeare ni wọ́n yí padà. Òyìnbó kọ ọ́, ará Japan darí ẹ̀, èmi rí ẹbí mi nínú ẹ̀. Ọ̀gá mi yọ owó mi lóṣù yẹn ṣá.

Aláròyé
Ohun tí mò ń wí nìyẹn! Ìtàn ò ní páálí ìdánimọ̀ lọ́rùn.

Agéfíìmù
Aláròyé, Kurosawa ò sọ ilé yẹn di ilé òyìnbó kó tó lè yé Ọmọ Òjò. Ilé Japan ló kọ́, ó kọ́ ọ débi pé aṣọ obìnrin ń dún nílẹ̀. Ẹni tó ń wá gbogbo ayé ì bá ti pa ìró aṣọ yẹn.

Oníná
Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀, ẹ ò mẹ́nu ba iná. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ kámẹ́rà, olùkọ́ wa gbé iná síwájú akẹ́kọ̀ọ́ òyìnbó kan, ó wọn ìmọ́lẹ̀, ó ní òṣùwọ̀n ojú èèyàn nìyẹn. Ó wá ní kí n jókòó tì í. Nígbà tí a wò ó lójú ẹ̀rọ, ọmọ yẹn ń dán bí òṣùpá, ti èmi jẹ́ ẹyinjú méjì àti kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní, "Rẹ́rìn-ín díẹ̀, ká lè rí ẹ."

Kánmi
Kí lẹ wá ṣe?

Oníná
Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà yẹn.

Ọmọ Òjò
Mo ní fọ́tò kíláàsì kan báyìí. Èmi ni òjìji tó wà lápá òsì.

Ìyá Olóhùn
Fọ́tò ìgbéyàwó wa ńkọ́? Kóòtù ọkọ mi jáde dáadáa, bọ́tìnnì rẹ̀ jáde, orí ni kò sí. Ọdún mẹ́tàlélógún rèé, ó sì wà lára ògiri.

Oníná
Ẹ má dá àwọ̀ yín lẹ́bi. Káàdì kan wà tí àwọn tó ń fọ fọ́tò fi ń wọn àwọ̀ láyé ijọ́un, wọ́n ń pè é ní káàdì Shirley. Obìnrin òyìnbó ló wà lórí rẹ̀, òun ni gbogbo ojú yòókù gbọ́dọ̀ bá mu. Fíìmù inú kámẹ́rà tí ilé iṣẹ́ Kodak ń ṣe nígbà náà, awọ funfun ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú ohun tó jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe ni àròyé àwọn tó ń polówó ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi. Wọ́n ní dúdú ọjà àwọn ò yàtọ̀ síra lójú fọ́tò.

Dúdúyẹmí
Ṣokoléètì ló bá wa jà. Ẹ ṣeun o, ṣokoléètì.

Oníná
Ní báyìí, mi ò kì í gbá iná lu ojú dúdú bí ẹni tó ń wá olè. Mo máa ń da iná lu aṣọ funfun ńlá kan, kó ta padà wá láti ẹ̀gbẹ́, kó gba orí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá. Mo máa ń fi ìpara díẹ̀ sí i kí ìmọ́lẹ̀ lè rí ibi dúró. Tí dúdú àti funfun bá jọ wà nínú àwòrán, ti dúdú ni mo máa kọ́kọ́ wọ̀n, màá wá fi nǹkan bo iná díẹ̀ níhà kejì.

Aláròyé
Oníkámẹ́rà lèyí kàn. Kí ló kan olùdarí níbẹ̀?

Oníná
Olùdarí ló ń sọ pé "ó ti tó, ó yá, ká lọ." Ẹni tí kò rí i pé ojú mi ti sọnù, ṣé á fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n wá a?

Bàbá Lókéṣàn
Ẹ ti gbàgbé Elizabeth, ti 1998. Ọbabìnrin òyìnbó, ààfin òyìnbó. Ọmọ Íńdíà, Shekhar Kapur, ló darí ẹ̀. Ta ló wà nídìí kámẹ́rà? Remi Adefarasin. Mi ò ní túmọ̀ orúkọ yẹn fún ẹnikẹ́ni níbí. Wọ́n yàn án mọ́ àwọn tó ń du Oscar, ẹ̀bùn ńlá fíìmù ní Amẹ́ríkà, lórí iṣẹ́ ọ̀hún.

Kánmi
Adéfarasìn! Mo ti wo fíìmù yẹn, mi ò ka orúkọ ìparí.

Aláròyé
Ẹ rí i? Ang Lee, ọmọ Taiwan, ló darí Sense and Sensibility ní 1995. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló kàn án pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àwọn ọmọge òyìnbó ayé àtijọ́.

Àbẹ̀ní
Wọ́n bi èmi o.

Olùdarí ni mí. Mo gbé ìwé eré apanilẹ́rìn-ín kan lọ bá àwọn tó ń náwó sí fíìmù. Ọkùnrin méjì ló ń du àyè kan ṣoṣo tí wọ́n lè gbé mọ́tò sí. Mọ́tò kan ti fi imú wọ̀ ọ́, èkejì ti fi ìdí wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó fẹ́ kúrò, láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ọ̀kan ń pe ìyàwó rẹ̀ kó bá òun gbé omi wá. Èkejì ń ṣe ìpàdé ibi iṣẹ́ lórí fóònù nínú mọ́tò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, mo ní ó ti bọ́ sí i. Nígbà tí mo dákẹ́, obìnrin kan wò mí tàánútàánú, ó ní, "Ìrìn-àjò tìẹ dà nínú ẹ̀?" Mo ní ìrìn-àjò wo? Ó ní ìrora àwọn èèyàn mi, bí mo ṣe dé ibí. Mo ní bàálù ni mo wọ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí. Wọ́n ní ìtàn kan lọ́wọ́, nípa àwọn ọmọdé tí wọ́n fi ṣe ọmọ ogun, ní ilẹ̀ kan tí mi ò dé rí, tí mi ò gbọ́ èdè rẹ̀. Wọ́n ní èmi gan-an ló yẹ. Ẹ gbọ́ o. Ìjà mọ́tò tí mo fojú mi rí, kò yẹ mí. Ogun tí mi ò rí, tèmi ni.

Oníná
Èyí dùn mí ju ọ̀rọ̀ iná lọ.

Ìyá Olóhùn
Ṣé o gbà á?

Àbẹ̀ní
Mo gbà á, mà. Owó ilé ti sún mọ́. Mo wá ọmọ ibẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n la ogun ọ̀hún já, mo fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àwọn ni olùdarí gan-an. Ọ̀kan nínú wọn ní kí àwọn ọmọ náà máa ṣeré, kí wọ́n máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, torí bí àwọn ṣe ṣe nìyẹn, ọmọdé làwọn. A ya síìnì kan tí wọ́n ti ń fi bàtà ọ̀gá wọn gbá bọ́ọ̀lù. Òun ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n gé e kúrò, wọ́n ní kò bá ọ̀rọ̀ fíìmù náà mu.

Agéfíìmù
Kì í ṣe èmi ni mo gé e o.

Bàbá Lókéṣàn
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́.

Kánmi
Àwa dúdú náà ń ṣe é síra wa ṣá. The Woman King ti 2022 ńkọ́? Gina Prince-Bythewood, ọmọ Amẹ́ríkà, ló darí ẹ̀. Ó sọ Ọ̀yọ́ di ìkà, Dahomey wá di akọni.

Bàbá Lókéṣàn
Má fọwọ́ kan egbò mi. Ṣé Dahomey tó ń ta ẹrú náà ni? Èyí tó wá ká Ẹ̀gbá mọ́lé ní 1851, tí Ẹ̀gbá sì lé e padà, tòun tàwọn obìnrin ogun rẹ̀?

Ọmọ Òjò
Ọ̀yọ́ náà ta ẹrú, Bàbá.

Bàbá Lókéṣàn
Mi ò ní wọn ò tà. Mo ní kí wọ́n pín ẹ̀bi náà dọ́gba.

Dúdúyẹmí
Àkọ́kọ́ rèé tí màá rí ẹni tó ń jà pé ẹ̀bi tó kan ọmọnìkejì kò tó.

Ìyá Olóhùn
Èmi mọ̀ pé wọ́n bu ẹ̀tẹ́ lu Ọ̀yọ́, mo sì tún pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àwọn obìnrin yẹn jáde látinú koríko lóru, ara wọn ń dán, ojú kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Oníná, ìwọ ló yẹ kó sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Oníná
Mà, obìnrin òyìnbó ló ya á. Polly Morgan. Iná ṣeé kọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ.

Aláròyé
Mo ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀!

Ajíwòran
O ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìtàn ò ní páálí lọ́rùn lo sọ.

Atúmọ̀
Ẹ ń jà, ẹ ò rántí àwa tí à ń kọ ìtumọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ní 2020, kí Parasite, fíìmù ará Kòríà, tó gba Oscar fíìmù tó dára jù, Bong Joon-ho tó darí ẹ̀ ní ìdènà tí kò ju ínǹṣì kan lọ ni ìtumọ̀ ìsàlẹ̀, pé ẹni tó bá fò ó á rí ọ̀pọ̀ fíìmù tó dùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń mọ ògiri yẹn. Lẹ́tà bí 42 ni ìlà kan gbà. Àgbà òṣèré á fi òwe gbé ọ̀tá rẹ̀ ṣánlẹ̀, á tún fi òmíràn bò ó mọ́lẹ̀, èmi á sì kọ: "N kò gbà."

Kánmi
Ẹ̀yin lẹ ń ṣe é! Mo ti ń wá yín láti ọjọ́ yìí.

Atúmọ̀
Ẹ máa wá mi lọ.

Kánmi
Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀ní, mi ò lè sùn. Nínú eré mọ́tò yẹn, ta ló padà gba àyè?

Àbẹ̀ní
Kò sẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ìyá arúgbó kan gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé, ó kọjá láàárín wọn, ó fi kẹ̀kẹ́ náà ti òpó, ó fi àgádágodo tì í, ó wọlé lọ.

Dúdúyẹmí
Ìyá arúgbó òyìnbó.

Àbẹ̀ní
Kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí.